Orúkọ Ọmọ Tó Ni Ilé

Ẹnu mi ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ dá ara mi láre.

Èmi ni mo ń se oúnjẹ ní Ilé Wening. Yu Ginah ni tọmọdé tàgbà ń pè mí níbẹ̀, torí mo dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tó ń wọlé sí wa lọ, bí ẹ̀gbọ́n ni mo ṣe jẹ́ sí wọn. Ilé náà wà nínú ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn ọsibítù ńlá ní Yogyakarta. Yàrá mẹ́fà, ilé ìdáná kan, balùwẹ̀ méjì tí ọ̀kan nínú wọn máa ń dí nígbà tó bá wù ú. Bí dókítà bá sọ fún àwọn ará òkè pé jẹjẹrẹ ló wà lára ọmọ wọn, tí wọn ò sì ní ibi tí wọ́n máa sùn sí ju abẹ́ àtẹ̀gùn ọsibítù lọ, àwọn nọ́ọ̀sì á ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á sùn, wọ́n á jẹ, a ó gbé ọmọ lọ gba oògùn, a ó gbé e bọ̀, títí ìtọ́jú á fi parí. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ìyá Wening ló dá ilé náà sílẹ̀ ní ìrántí ọmọ rẹ̀. Retnaningsih ni bàbá ìyá náà sọ ọ́, àmọ́ mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀. Wening nìkan lọmọ tó bí. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú un lọ, ọdún méjìlá sẹ́yìn. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú kan ti ká. Orúkọ rẹ̀ wà lára géètì, lára ọkọ̀ wa, lára kúbùsù, lára àwo tí àwọn ọmọ fi ń jẹun.

Àmọ́ òfin kan wà nílé yẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún àwọn òbí pé Wening ti kú. Ọjọ́ tí Ìyá Wening gbà mí síṣẹ́ ló ti ṣe òfin náà fún mi, ọdún kẹsàn-án rèé. Ó ní òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ọmọ òun ní jẹjẹrẹ, bí wọ́n bá tún mú un wá sùn sábẹ́ àwòrán ọmọ tí jẹjẹrẹ pa, ilẹ̀ ò ní mọ́ bá a níbẹ̀. Nítorí náà, “ọmọ tó ni ilé” la máa ń pè é. Bí wọ́n bá béèrè ibi tó wà, a ó ní ó wà níbì kan tó jìnnà díẹ̀. Àwa ará Jawa, ọ̀rọ̀ líle kì í yá wa lẹ́nu. Bí ilé ẹni bá ń jóná, a ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ti jẹun. Òfin yẹn bọ́gbọ́n mu lójú mi, mo sì gbà á.

Ohun tí Ìyá Wening ń bẹ̀rù jù láyé ni kí òbí gbé ọmọ lọ sílé kí oògùn tó pé. Ọdún méjì ni ìtọ́jú irú jẹjẹrẹ yẹn. Bí ìyá kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, Ìyá Wening á pa gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tì, á wá jókòó tì í, á máa bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, á máa bẹ̀ ẹ́ lálẹ́. Mo rò pé àánú ló ń ṣe é. Àánú náà ni lóòótọ́, àmọ́ mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Ìgbà òjò ni Lasmi gbé ọmọ rẹ̀ dé láti òkè Gunungkidul, níbi tí òkúta ti pọ̀ ju ilẹ̀ oko lọ. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe bíríkìlà ní Kalimantan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wálé. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, Ratu Kencana lorúkọ rẹ̀. Ayaba Wúrà nìyẹn o. Ọmọ ẹni tó ń gbin gbágùúdá! Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, àmọ́ mo ti mọ ohun tí wọ́n á máa sọ lábúlé wọn. Orúkọ a máa ro ọmọ, kò sí ibi tí wọn ò ti mọ ìyẹn. Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ a tún máa wúwo. Bí wọ́n bá gbé orúkọ tí ó ju èjìká ọmọ lọ rù ú, àìsàn ò ní jẹ́ kó gbádùn, àfi tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ tí wọ́n sì gbé òmíràn wọ̀ ọ́.

Nígbà tí wọ́n lo oṣù kan pẹ̀lú wa, irun ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Lasmi wá bá mi nílé ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó di irun náà sínú áńkáṣíìfù. Ó ní àwọn ń lọ sílé. Ó ní oògùn náà ló ń pa ọmọ òun, kì í ṣe àrùn. Mo ń gé tempe, àkàrà ẹ̀wà sóyà wa, lọ́wọ́. Ẹ wò ó, lọ́dún yẹn nìkan, mo ti rí ìyá mẹ́ta tó gbé ọmọ lọ sílé báyẹn, a ò sì gbúròó ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ náà mọ́. Inú bí mi. Mo na ọ̀bẹ sí ọ̀nà pálọ̀.

“Ṣé o rí ọmọ inú àwòrán yẹn? Àrùn kan náà ni. Irun tiẹ̀ náà já. Ó ti di ọmọge báyìí, Semarang ló wà, ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́.”

Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mi ò gbèrò rẹ̀, mi ò sì rí ọwọ́ tí mo lè fi dá a padà. Lasmi wo pálọ̀, ó wò mí, ó jókòó sórí àpótí, ó bú sẹ́kún. Ó ní, “Olùkọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó nu ojú rẹ̀, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó sì bá mi gé tempe yòókù. Kò tún dárúkọ ilé mọ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi lọ́jọ́ yẹn, kí n má purọ́. Mo ní irọ́ tó dá ẹ̀mí ọmọ dúró, ta ló máa bi mí? Àmọ́ irọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Lasmi béèrè bóyá Wening máa ń wálé, mo ní ó ń wá lẹ́yìn ààwẹ̀. Ó béèrè bóyá ara rẹ̀ le dáadáa, mo ní ó sanra jù mí lọ. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá ń rí ọmọ náà lójú ara mi, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń wọ ọkọ̀ lọ sí kíláàsì.

Ní oṣù kẹrin, ibà burúkú kan dá ọmọ Lasmi wó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, a ò mọ èyí tó máa jẹ́. Ó jàjà bọ́. Nígbà tó padà dé, oògùn ti mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ó ń jẹun, ó ń sáré káàkiri ilé, ó ń yọ àwọn ọmọ yòókù lẹ́nu. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń mọ́, àmọ́ kí wọ́n má yé wá o, ọdún méjì ni òun wí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Mbah Karso, bàbá tó bí Lasmi, sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá wò wọ́n. Ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀fọ́ abúlé wọn wá sọ́jà ló bá wá. Arúgbó kúkúrú kan báyìí, irú èyí tí à ń pè ní Mbah, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ mú. Ó gbé ike ẹlẹ́ńgà díndín kan wá fún mi. Ó bi mí bóyá mo lọ́kọ, mo ní ó ti kú. Ó ní ṣé ọkùnrin wá tán ní Yogya ni, tí wọ́n fi jẹ́ kí irú ọbẹ̀ yìí wà lọ́wọ́ opó. Mo ní kó jẹ oúnjẹ rẹ̀ kó dákẹ́. “Ọmọ mi” ló ń pe gbogbo èèyàn, títí kan Ìyá Wening. Ọjọ́ kan péré ló lò tí gbogbo ilé fi fẹ́ràn rẹ̀.

Òun ló ní àwọn gbọ́dọ̀ pààrọ̀ orúkọ ọmọ náà. Ó ní ibà yẹn ti kìlọ̀ fún àwọn, àwọn ò ní dúró de èkejì. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ bọ́ sí Kliwon, ọjọ́ ọjà tí wọ́n bí ọmọ náà gan-an, ọjọ́ náà ló yẹ. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn se ẹ̀kọ ìrẹsì pupa àti funfun tí a fi ń sọmọ lórúkọ. Ta ló máa kọ̀? Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gbà. Mo tiẹ̀ ní ó ti pẹ́ jù. Mi ò béèrè orúkọ tuntun náà, torí Mbah Karso ní lábúlé tàwọn, a kì í dá a pè kí ẹ̀kọ tó délẹ̀. Èmi rò pé wọ́n á sọ ọ́ ní orúkọ wẹ́wẹ́ kan, Painah tàbí Tukiyem, irú èyí tí àìsàn á gbọ́ tí á kọjá lọ.

Jímọ̀ dé. Mo fi ṣúgà àgbọn se ti pupa, mo fi omi àgbọn fífún se ti funfun. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, a tẹ́ ẹní sí pálọ̀. Ìyá Wening wà níbẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń gbé èso wá fún àwọn ọmọ. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin kan láti Wonosobo, ó ń bá a bó rambutan. Àwọn ìyá méjì mìíràn wà níbẹ̀, Lasmi gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó wọ aṣọ tuntun fún un. Mbah Karso ṣe àdúà. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà tí kò ní irun.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí, ẹ jẹ́rìí sí i. Láti òní lọ, ọmọ yìí ò jẹ́ Ratu Kencana mọ́. Ó wúwo jù fún un, a ti sọ ọ́ kalẹ̀. Orúkọ tó bọ́ wa, tó tẹ́ wa sùn, tó gbé ọmọ wa lọ gba oògùn, tí olórúkọ náà sì ti ṣẹ́gun irú àrùn yìí, òun la gbé wọ̀ ọ́. Wening ni.”

Àwọn ìyá yòókù dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kó jẹ́ ẹ pẹ́. Mo na ìgbakọ sínú ìkòkò, mi ò lè bù ú, mi ò lè yọ ọ́. Wọ́n gbé orúkọ òkú wọ ọmọ aláìsàn, lójú ìyá òkú, èmi ni mo sì se ẹ̀kọ tí wọ́n fi sọ ọ́.

Mo wo Ìyá Wening. Kò gbé orí sókè. Ó bó rambutan ọwọ́ rẹ̀ tán, ó mú òmíràn, ó bó o, ó mú ẹ̀kẹta, ó bó o. Ọmọ Wonosobo na ọwọ́, kò rí i. Ó tò wọ́n sórí ẹní níwájú ara rẹ̀, ó sì dìde, ó gba ọ̀nà balùwẹ̀ lọ. Gbogbo wọn rò pé ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un. Lasmi ń fi ìka nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo bu ẹ̀kọ fún wọn, mo sì sá tẹ̀ lé Ìyá Wening.

Ó dúró ti àmù, ó ń fi kọ́ọ̀bù da omi sí ọwọ́ rẹ̀, ó ń dà á, ó ń dà á. Ó béèrè ẹni tó sọ fún wọn pé Wening ṣẹ́gun àrùn. Ó kọ́kọ́ fẹ́ yá mi lára láti sọ pé mi ò mọ̀. Àmọ́ mo wo ojú rẹ̀, mo ní èmi ni. Ó ní kí ni mo sọ gan-an. Mo ní mo sọ pé ó wà ní Semarang. Omi ń dà lọ.

“Kí ló ń kọ́ níbẹ̀?”

“Iṣẹ́ olùkọ́, mà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn rí, Ọlọ́run má jẹ́ n tún gbọ́ ọ. Mo kúnlẹ̀ sórí omi, mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ní Lasmi ti ń di ẹrù lọ ni, mi ò rí nǹkan mìíràn sọ. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ó kàn ní kí n dìde, pé àwọn èèyàn ń dúró.

Nígbà tá a padà wọ pálọ̀, Mbah Karso ti yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó gbé e fún Ìyá Wening. Inú rẹ̀ dùn débi pé ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní lábúlé àwọn, bí a bá yá orúkọ ẹni tó wà láàyè, a gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀ lẹ́nu olórúkọ, kó fọwọ́ sí i. Ó ní òun mọ̀ pé ọmọ ilé ìwé ò ráyè, àmọ́ ìṣẹ́jú kan péré ni. “Bá wa pè é, ọmọ mi. Jẹ́ kí wọ́n rí ojú ara wọn nínú fóònù, kí Wening àgbà súre fún Wening kékeré.”

Èmi aláìnítìjú, mo tún la ẹnu. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Semarang kì í dáa lọ́jọ́ Jímọ̀. Mbah Karso ní kò burú, àwọn á gbìyànjú rẹ̀ lọ́la. Mo ní lọ́la ó ní ìdánwò.

“Yu Ginah,” Ìyá Wening ní, “ó tó.”

Ó gba fóònù náà, ó rọra fi í lé Mbah Karso lọ́wọ́ padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe é bí a ṣe ń ṣe fún àgbà.

“Wening ti kú, Mbah. Ọdún méjìlá rèé. Ọmọ ọdún méje ni.”

Ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò gbọ́ kó so orúkọ ọmọ yẹn pọ̀ mọ́ ikú rí. Ó máa ń ní “nígbà tí Wening wà” tàbí “kí Wening tó lọ”. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá gbé àwo ẹ̀kọ rẹ̀ sílẹ̀, ó tì í jìnnà sí ara rẹ̀. Lasmi ò wo Ìyá Wening rárá, èmi ló ń wò. Ó ní, “Yu Ginah, ẹ ní ó sanra jù yín lọ.” Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Lọ́dọ̀ wa, bí àgbàlagbà bá ń pariwo, kò tíì bínú. Ìgbà tó bá bínú tán ni ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, tí á sì máa bá ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọba sọ̀rọ̀. Ohun tí Mbah Karso ṣe nìyẹn. Kò pe Ìyá Wening ní ọmọ mi mọ́. Ó ní, “Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ti ṣe fún wa ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí a máa lọ, kí a má baà tún dá yín láàmú.” Ó yíjú sí Lasmi, ó ní ọkọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń padà sókè lẹ́yìn ìrun Alaásàrì, kó lọ palẹ̀ mọ́.

Mo tẹ̀ lé Lasmi wọ yàrá. Ó ń kó aṣọ sínú àpò, kò ká a. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní irọ́ tèmi ni, kì í ṣe ti Ìyá Wening. Mo ní kó bú mi, kó gbá mi létí tó bá fẹ́, àmọ́ kó má gbé ọmọ lọ. Ọjọ́ Ajé ló kan láti gba oògùn. Dókítà ti sọ fún un lójú mi pé bó bá já a láàárín, àrùn náà á padà, agídí rẹ̀ á sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní àmọ́ ta ni òun fẹ́ gbà gbọ́ mọ́ nílé yìí, àbí nínú ọsibítù náà? Bí a bá lè fi òkú pe alààyè fún òun fún oṣù mẹ́ta, kí ni dókítà náà ò lè fi pe kí ni? Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó ní bàbá òun ti sọ̀rọ̀, òun ò sì lè dúró síbí kí òun má gbọ́ tiẹ̀. Ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń lá ṣúgà àgbọn lẹ́nu ṣíbí, ó ń wò wá.

Inú bí mi sí Ìyá Wening nígbà yẹn, òótọ́ ni mò ń sọ. Mo ní tí kì í bá ṣe òfin rẹ̀, mi ò ní rí ibi dúró pa irọ́ mi. Mo jáde láti lọ sọ ọ́ fún un. Mo bá a ní ẹnu ọ̀nà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí símẹ́ńtì, láàárín ilẹ̀kùn gan-an, kò sí ẹni tó lè jáde láì ré e kọjá. Mo gbé ìbínú mi mì, mo sì dúró ti ògiri.

Ọkọ̀ dé, ó dúró sí orí ọ̀nà, ó fun fèrè. Mbah Karso ti gbé ọmọ náà lé ìbàdí, ó gbé àpò ní ọwọ́ kejì. Lasmi wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá náà bẹ Ìyá Wening pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó yàgò díẹ̀. Ìyá Wening ò sunkún, kò di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó ní, “Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó pa á fún yín, Mbah. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa lọ.”

Mbah Karso ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ohun tó pa á ò ṣàjèjì sí àwọn.

“Kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ rò. Dókítà ní ọdún méjì. Ní oṣù karùn-ún, mo gbé e lọ sílé.”

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé àrùn náà ló borí àwọn dókítà, bó ṣe sọ ọ́ fún wa nìyẹn, bó ṣe sọ ọ́ fún àwọn tó ń fún ilé náà lówó nìyẹn. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ ò gòkè, kò sọ̀. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ti kún. Ó ń sáré, ó ń jẹun. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò rí àrùn kankan níbẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n má dá oògùn dúró, àrùn náà ń sá pamọ́ ni. Òun ní dókítà ò mọ ọmọ òun ju òun lọ. Oṣù mẹ́rin ló lò nílé, ó lọ síléèwé, ó jó níbi ayẹyẹ òpin ọdún wọn. Nígbà tí àrùn náà padà, wọ́n gbé e wá, oògùn ò ràn án mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù fún un.

Awakọ̀ tún fun fèrè.

Mbah Karso ní, “Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé e lọ?”

Ìgbà yẹn ni Ìyá Wening gbé ojú sókè wò ó.

“Bàbá mi ni. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sínú ọkọ̀. Ó ní ọmọ òun ò ní dàgbà sí ọsibítù. Ó fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ, Mbah. Ọdún mẹ́fà ló lò sí i láyé lẹ́yìn ikú ọmọ náà, kò wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan títí tó fi kú.”

Mo rí ọwọ́ Mbah Karso tó fi di ọmọ náà mú, iṣan rẹ̀ yọ. Ó ti sú ọmọ náà láti máa wò wá, ó ń fi ìka yí bọ́tìnnì ẹ̀wù bàbá àgbà rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Lasmi la ẹnu, ohùn rẹ̀ kéré, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ.

“Bàbá, oṣù kẹrin la wà.”

Arúgbó náà gbé àpò sílẹ̀. Ó wá ibi tó máa fi ìdí lé, ó sì jókòó sórí símẹ́ńtì níwájú Ìyá Wening, tòun tọmọ lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Orúkọ ńkọ́, ọmọ mi? Kí lo fẹ́ ká ṣe sí i?”

“Ẹ ti sọ ọ́, ẹ ti jẹ ẹ̀kọ rẹ̀. Kó máa jẹ́ ẹ.” Ó na ọwọ́, ó kan ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì tètè mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò. “Àmọ́ ẹ má gbé Wening lọ sílé lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.”

Ẹkún ọdún méjìlá gbé e wó síbẹ̀, Lasmi sì ré bàbá rẹ̀ kọjá, ó lọ dì í mú. Mbah Karso gbé ọwọ́ sí mi láìwò mí, pé kí n lọ dá ọkọ̀ náà lóhùn.

Mo jáde lọ bá awakọ̀. Ó ti sú u, ẹ̀fọ́ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ ti ń rọ nínú oòrùn. Mo ní kó máa lọ, wọn ò lọ mọ́. Ó béèrè pé ìgbà wo ni kí òun padà wá gbé wọn, ṣé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Mo ní kó padà wá tó bá di ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ. Ó rò pé mò ń bá òun ṣe àwàdà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.